Ẹ Bi Ìyá Agbẹ̀bí: Ọmọ Tuntun Tí Ọkàn Rẹ̀ Ń Lọ́ra

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí, torí ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Agbẹ̀bí. Ìṣọkùn ní Iléṣà níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ ìrọbí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gànjọ́ òru ló tó bí i, ilé ìwòsàn ni a gbé e lọ. Nígbà tí ọmọ jáde, kò ké, kò mira, ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, ilẹ̀kùn ò sì tì dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Ọkàn ọmọ yìí ti lọ́ra jù." Wọ́n gbé nǹkan kan bí ife rọ́bà bò ó nímú àti ẹnu, wọ́n ń fún àpò kan tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ mú láyà, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú, ọmọ tí kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láyé! Mo pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi omi tútù wọ́n ọn, kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Wọ́n tì mí síta. Ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé àrùn ọkàn ló ní? Ṣé àyà tí wọ́n tẹ̀ yẹn ò ní dà á láàmú lọ́jọ́ iwájú? Kí ló sì burú nínú omi tútù tí a fi jí ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà tiwa? — Ìyá àgbà ọmọ tuntun, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ariwo tí ẹ pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n ò ní bá yín wí sí i. Ta ló máa rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní pariwo?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Pé ọkàn ọmọ lọ́ra nígbà tí wọ́n bí i kò fi hàn pé àrùn ọkàn ló wà lára rẹ̀. Àwa àgbàlagbà, bí ọkàn wa bá ṣàdédé dúró, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọkàn gan-an ni àìsàn ń bá jà. Ti ọmọ tuntun kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dára, afẹ́fẹ́ ni kò rí lò. Ẹ̀yin náà ti dé àgbẹ̀dẹ rí. Bí ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ẹwìrì fínná bá sùn lọ, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ èédú ṣì wà nínú ààrò. Alágbẹ̀dẹ kì í torí ìyẹn kó èédú dànù. Á jí ẹni tó ń fín ẹwìrì ni.

Nígbà tí ọmọ wà nínú ilé ọmọ, omi ló kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lò, ara ìyá rẹ̀ ló ti ń wá, ó ń gba ara ibi ọmọ, ó ń gba inú okùn ìwọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti jáde, ó di dandan kí omi yẹn kúrò lọ́nà, kí afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ kíákíá. Igbe àkọ́kọ́ tí gbogbo ilé máa ń dúró gbọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Nínú ọmọ 100, nǹkan bíi 85 ló máa ń ṣe é fúnra wọn. Nǹkan bíi 10 mìíràn, bí a bá ti fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n dáadáa, tí a fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn, wọ́n á ké. Ó ku nǹkan bíi 5 tí a ó fún afẹ́fẹ́ sí wọn nínú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dé orí títẹ àyà kéré gan-an, ọmọ 1 sí 3 nínú 1,000. Inú àwọn díẹ̀ yẹn ni tiyín bọ́ sí.

Ohun tó lè fà á pọ̀. Ìrọbí lè pẹ́ jù, bó ṣe rí lọ́rọ̀ ọmọ yín. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ kí àsìkò tó tó. Okùn ìwọ́ lè há. Ìfúnpá ìyá lè ga sódì. Èyí tó bá jẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ á dínkù, àwọn nǹkan kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ omi tútù wà.

Ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò tó máa kọ́kọ́ gbìyànjú láti mí kíákíá. Bí kò bá rí i, èémí á dúró. Ìdúró àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní àsìkò yìí ọmọ ṣì ń gbọ́ ọwọ́: bí a bá nù ún, tí a ra á lẹ́yìn, tí a fìka ta á lẹ́sẹ̀, ó lè mí. Bí ìyà afẹ́fẹ́ bá tún ń jẹ ẹ́ lọ, á máa yanu fa èémí kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí a gbé sórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà èémí á tún dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ìdúró kejì yìí ló le. Ẹ lè nà án, ẹ lè pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, ẹ lè da ìkòkò omi lé e lórí, kò ní mí. Ìlù ọkàn á máa falẹ̀, ara á rọ̀. Àfi afẹ́fẹ́ tí ẹlòmíràn bá fún sí i nínú nìkan. Èyí tó tún wá nira ni pé ẹni tó gba ọmọ kò lè fojú wò ó kó mọ ìdúró tó wà, torí nínú ilé ọmọ ni ti òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, Màmá, ọmọ tí omi tútù jí nígbà náà, ìdúró àkọ́kọ́ ló wà. Aṣọ gbígbẹ ì bá ti jí i, òtútù ì bá má sì mú un. Ọmọ tó wà ní ìdúró kejì, omi tútù ò jí i. A wọ́n ọn títí, a kan agogo sí i létí títí, nígbà tó yá a ní abíkú ni, a sì sin ín. Mo máa ń ro àwọn ọmọ yẹn. Òmíràn nínú wọn, ìṣẹ́jú kan péré tí ẹnì kan bá fi fún afẹ́fẹ́ sí i nínú ì bá ti tó.

Omi tútù fúnra rẹ̀ tún ń pa kún un. Ọmọ tuntun tútù nínú omi ara tó bá a jáde wá, òtútù yára mú un ju bó ti ń mú àwa lọ. Bí òtútù bá mú un, ara rẹ̀ á máa ná ṣúgà àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù sórí ooru tó ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ nu ọmọ gbẹ, tí a ń yọ aṣọ tútù yẹn kúrò, tí a ń fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, kó tó di pé a wẹ ẹnikẹ́ni. Ìwẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá ọkọ.

Ti ìdorí-kodò, èmi náà ti ṣe é rí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, dorí rẹ̀ kodò, gbá a nídìí. Mo ti gbá ọmọ nídìí títí tí ibẹ̀ fi pọ́n. Kò fi afẹ́fẹ́ kankan sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó kàn ń ná àkókò tí ọmọ ò ní ni, ó sì lè ṣe é léṣe. Rọ́bà tí a fi ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mọ́ kò nílò rẹ̀. Bí a bá sì tì í jìn wọ ọ̀nà ọ̀fun, iṣan kan wà níbẹ̀ tó máa ń dá ọkàn dúró díẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi tí ìlù tó ń sáré di ìlù tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, torí rọ́bà tí ọwọ́ ara wa tì wọlé.

Òru ọjọ́ tí mo kọ́ ọgbọ́n yìí kò lè kúrò lọ́kàn mi. Nọ́ọ̀sì kékeré ni mí nígbà náà, iná ti lọ, àtùpà méjì ni a gbé sórí tábìlì. Ọmọ jáde, ó funfun, ó rọ̀. Mo gbé Ambu bò ó lójú, ìyẹn àpò tí ẹ rí tí wọ́n ń fún, mo ń fún un kíkankíkan. Àǹtí kan tó jẹ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ dúró ti mí. Ó fi ìka méjì di kùkùté ìwọ́ ọmọ mú níbi tó ti wọ inú ìdodo, ó sì ń fi ìka ọwọ́ kejì kan tábìlì bí ìlù ọkàn ṣe ń kàn án lọ́wọ́, kí gbogbo wa lè gbọ́. Kọ́. Mo dúró. Kọ́. Mo dúró. Kọ́. Ó ka iye tó kàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 6, ó fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀: mẹ́rin, ìyẹn 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ dá, 110 sí 160 ló yẹ kí ọkàn rẹ̀ máa lù. Ojú ọmọ ni mò ń wò, mo ń wá bóyá á pọ́n. Àǹtí ní, "Àyà ni kí o wò. Àyà ò gbéra." Òótọ́ ni. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí mò ń fún, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbà jáde, torí orí ọmọ tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ó ká aṣọ ìnura kékeré, ó tì í sábẹ́ èjìká ọmọ. Orí gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ilé kejì. Ó tún ìdè rọ́bà ojú ṣe. Mo fún un. Àyà gbéra.

Mo fún un tó bíi ìgbà márùn-ún, mẹ́fà. Kọ́, kọ́. Ìka Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í yára lórí tábìlì. Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́kọ́kọ́kọ́. Ọmọ kò tíì mí, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n ọkàn ti gbọ́. Ohun tó ń kọ́kọ́ padà nìyẹn, kí èémí tó padà, kí ara tó pọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí ọkàn ọmọ bá lọ́ra, n kì í wá ohun tó ń ṣe ọkàn mọ́. Mo ń wá ohun tó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Ẹ ó wá bi mí pé, bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni, kí ni wọ́n ń tẹ àyà fún? Bí ìlù ọkàn kò bá tó 100 ní ìṣẹ́jú kan, a ó fún afẹ́fẹ́. Bí a bá ti fún un fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí a sì fojú rí i pé àyà ń gbéra, tí ìlù ọkàn kò sì tíì kúrò lábẹ́ 60, ọkàn fúnra rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní afẹ́fẹ́ dé ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni a ó bá a gbé e. Àtàǹpàkò méjèèjì á wà ní ìsàlẹ̀ egungun àárín àyà, ìka tó kù á gbá ẹ̀yìn ọmọ mú. A ó tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn àyà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó fún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá lọ bó ṣe yẹ, ìtẹ̀ 90 àti afẹ́fẹ́ 30 ló ń wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn náà, dókítà á gba ojú iṣan ìwọ́ fi òògùn adrenaline ránṣẹ́ sí ọkàn. Òògùn ló kẹ́yìn. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, torí abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pariwo.

Egungun ìhà ọmọ tuntun rọ̀, ó ń tẹ̀, ó ń padà síbi tó wà. Àyà tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní di àbùkù lára rẹ̀. Ẹni tí ẹ rí tó ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ yé e. Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó fọwọ́ kan ọmọ náà. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe máa rí lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ kú làálàá. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Okùn ìwọ́ wé mọ́ ọmọ mi lọ́rùn nígbà tó ń jáde, Òjó la sọ ọ́. Kò ké lójú ẹsẹ̀, wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí i nímú kó tó ké. Nínú ìwé tí wọ́n fún wa, wọ́n kọ 3 sí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, 8 sí ìṣẹ́jú karùn-ún. Ará ilé wa kan wò ó, ó ní 3 nínú 10 túmọ̀ sí pé ọpọlọ ọmọ ti bàjẹ́. Oorun ò kùn mí mọ́. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin. — Bàbá Òjó

ÌDÁHÙN: Bàbá Òjó, máàkì ìdánwò kọ́ ni 3 yẹn. Dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Virginia Apgar, ló gbé òǹkà náà kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Nǹkan márùn-ún ni a ń wò: àwọ̀ ara, ìlù ọkàn, bí ọmọ ṣe ń ṣojú tí a bá fọwọ́ kàn án, bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe le sí, àti èémí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Ó ń sọ bí ọmọ ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an fún wa, kì í sọ bí á ṣe rí lọ́dún mẹ́wàá. A kì í tilẹ̀ dúró dè é ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ 3 sílẹ̀ fún ọmọ yín, ẹnì kan ti ń fún afẹ́fẹ́ sí i. Láti 3 dé 8 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọmọ tó gbọ́ ìtọ́jú nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé, ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣé ó fa ọmú dáadáa? Ṣé gìrì kò gbé e? Ṣé ó ń jí, ó ń ké, ara rẹ̀ kò rọ̀ jù, kò sì le gan-an? Ọmọ tí àìtó afẹ́fẹ́ bá pa ọpọlọ rẹ̀ lára, inú àwọn ọjọ́ yẹn ló sábà máa ń fi hàn. Bí tiyín bá kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìrètí pọ̀. Ní oṣù mẹ́rin, ó yẹ kí ọrùn rẹ̀ ti ń le, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀ lé yín yípo ilé, kó máa rẹ́rìn-ín sí yín, kó máa ṣí ọwọ́ rẹ̀, kó má di ẹ̀ṣẹ́ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá kù níbẹ̀, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ kí dókítà ọmọdé wò ó. Bí kò bá sì kù, ẹ ṣì máa gbé e lọ wọ̀n lóṣooṣù, kí ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa ló ni káàdì yẹn: Ìmèsí-Ilé ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital Iléṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà ya ìdàgbàsókè ọmọ sórí páálí láàárín ọdún 1956 sí 1961, ibẹ̀ ló ti tàn kárí ayé. Mo fi ń yangàn, ọmọ Ọ̀bọkún ni mí.

Ti okùn ìwọ́, ó wọ́pọ̀ kó wé mọ́ ọrùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í fún. Agbẹ̀bí á fìka yọ ọ́ gba orí ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n kí ilé ìwòsàn tó dé, ni wọ́n ṣe ní Òjó àti Àìná nílẹ̀ dè é. Alààyè ni a ń sọ lórúkọ, Bàbá Òjó. Ẹ wo iye Òjó àgbàlagbà tó wà nínú ọjà Àtàkúmọ̀sà lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá wa. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní sẹ́ńtà kékeré kan lábúlé, ní ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. A ní Ambu kan, a ò ní ọ́síjìn. Iná kì í dúró. Lóru, èmi nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé bí ọmọ kan bá jáde tí kò mí, tí ọkàn rẹ̀ lọ́ra, kí ni mo fẹ́ ṣe láìní ọ́síjìn? — Òṣìṣẹ́ ìlera, ìtòsí Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn dára, ó fi hàn pé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Má dúró de ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn, ọ́síjìn 21 wà nínú 100 rẹ̀. Ọmọ tó pé oṣù, òun gan-an ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un, kódà níbi tí àgbá ọ́síjìn tò sí lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá dé orí títẹ àyà la tó ń wá ọ́síjìn tó lágbára kún un.

Ibi tí Ambu rẹ wà ni kí o sọ fún mi. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi kan tí tiwa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa kí wọ́n má bàa jí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìnáwó. Ọmọ jáde, ìwọ́ rẹ̀ ṣì ń lù lọ́wọ́ mi, ó falẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń lù. A fi òkúta fọ́ àgádágodo. Nígbà tí a fi rí Ambu mú jáde, n ò gbọ́ ìlù kankan mọ́. A fún un, a fún un títí ọwọ́ fi ro wá. Ọmọkùnrin ni, ó tóbi, irun rẹ̀ kún. Ìyá rẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe é, n kò lè dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀ ọ́, orí tábìlì tí o máa tẹ́ ọmọ sí ni kí Ambu wà, kí ó wà níbẹ̀ kí aláboyún tó gorí ibùsùn. Gbogbo ìbímọ, ìyẹn tó rọrùn náà.

Bí aláboyún bá ti wọlé, dán Ambu wò: fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú rẹ̀, fún un, kí o rí i pé ó ń ta ọ́ lọ́wọ́ padà. Rọ́bà ojú gbọ́dọ̀ bo ẹnu, imú àti orí àgbọ̀n, kó má gun ẹyinjú. Ti fèrèsé, kí atẹ́gùn má wọlé. So tọ́ọ̀ṣì mọ́ ibi tí kò ní gba ọwọ́ rẹ. Pe ẹnì kejì: ìyàwó ọlọ́dẹ, ẹ̀gbọ́n aláboyún, ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kọ́ ọ nígbà tí ìrọbí ṣì ń lọ pé, "Ẹ di ìwọ́ mú báyìí, ẹ fi ìka kan tábìlì bó bá ṣe ń lù." Ìyá oníṣu kan ti ṣe é fún mi rí, kò ṣì í.

Kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí ọmọ jáde, kí afẹ́fẹ́ ti máa wọlé. Ìṣẹ́jú yẹn ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Helping Babies Breathe ní 2010, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, pè ní ìṣẹ́jú wúrà, ẹ̀kọ́ náà sì dára fún irú sẹ́ńtà tìrẹ. Bí wọ́n bá gbé e wá sí ìjọba ìbílẹ̀ yín, má jẹ́ kó kọjá rẹ. Nù ún, ra á lẹ́yìn. Kò mí? Gé ìwọ́, tẹ́ ẹ síbi gbígbẹ, gbé Ambu. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ṣe òṣùpá lé rọ́bà ojú lórí, kí ìka tó kù gbé àgbọ̀n sókè pàdé rẹ̀. Má fi rọ́bà tẹ ọmọ lójú mọ́lẹ̀, àgbọ̀n ni kí o gbé wá bá rọ́bà.

Bí àyà kò bá gbéra, ó ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá tàbí ohun tó dí i lọ́nà. Tún rọ́bà gbé. Tún orí gbé. Wo ẹnu rẹ̀, bí nǹkan bá wà níbẹ̀, nu ún kúrò, ẹnu ṣáájú imú. La ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí o tó dá rọ́bà padà. Lẹ́yìn ìyẹn, fún un le díẹ̀ sí i. Má kúrò lórí èyí lọ wá abẹ́rẹ́, má sì kúrò níbẹ̀ lọ wá ọkọ̀. Rán ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan, tí ìlù ọkàn sì ṣì wà lábẹ́ 60, fífún afẹ́fẹ́ ni kí o dì mú, torí títẹ àyà ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn méjì. Bí ọmọ bá ti ń mí, gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, ara kan ara, kí o bò wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Ifẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani ni kí ọwọ́ má sáré. Ìfún 40 sí 60 ni a ń fẹ́ nínú ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já á lọ sí 100 láìmọ̀, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní ráyè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Àǹtí mi òru ọjọ́ yẹn máa ń kà á sókè, ohun tó fi ń kà á ni mo fi ń kà á títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí o bá fún un, wí pé "Fún." Bí o bá tú ọwọ́ sílẹ̀, wí pé "Jọ̀wọ́, jọ̀wọ́," kó tó di pé o tún fún. Ó ní ọwọ́ ni à ń sọ fún kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ ni a sì ń bẹ̀. Ká aṣọ sórí tábìlì lálẹ́ yìí kí o gbé Ambu lé e, kí o fi kọ́ ọwọ́ rẹ. Ká a sókè. Fún, jọ̀wọ́, jọ̀wọ́. Fún, jọ̀wọ́, jọ̀wọ́.